Ohùn Bàámi Nínú Àwo Orin

Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
6 Fẹ́búárì, 1977

Bọ̀ọ̀dá mi Lùkúmọ̀n,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Màámi ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé kí ẹ máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má tìtorí oge pa ara yín. A wà láàyè, a ò ṣàìsàn. Bàámi ṣì ń rán fìlà lójú fèrèsé, wọ́n sì ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ kì í kọ̀wé tó. Èmi tí mò ń ka lẹ́tà yín sí wọn létí, torí pé kéwú nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi rán èèyàn dé láìfọ́. Ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò gbọ́ ìpè ìrun sétí rí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ẹ sì fẹ́ kí n gba ohùn Bàámi sínú kásẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé wọ́n á kọ̀, torí ẹ mọ̀ pé fọ́tò gan-an, tipátipá ni wọ́n fi ń yà á. Ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé kò ní jẹ́ kí ó sùn kọjá àsìkò? Gbé e wá."

Ti àsùbáà ni mo gbà, torí pé fèrè mọ́tò ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, àwọn tó ń kiri ò sì tíì jáde. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé orí ìgànná mọ́sáláṣí, mo sì mú èémí dúró. Nígbà tí wọ́n pe ìrun tán, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́, wọ́n wúre fún yín lórúkọ. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ gbọ́ apá ìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Bàámi. Ti ọjà Èbúté Èrò ń tètè ṣẹ́.

Àbúrò yín,
Sàdíátù


Brixton, Lọ́ńdọ̀nù
17 Épírì, 1977

Sàdíá mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Àṣé o lè ṣiṣẹ́ báyìí! Lálẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mo sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà. Mo kírun lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́ fún ọ, ó ti pẹ́ tí mo kí i gbẹ̀yìn.

Gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀. O mọ̀ pé mò ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Jàmáíkà kan lẹ́yìn iṣẹ́. A ń ṣe àwo rẹ́gẹ̀ wa àkọ́kọ́. Abẹ́ ilé ni sìtúdíò náà wà, páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ariwo má bàa bí àwọn aládùúgbò nínú. Téèpù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti kásẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi, ọ̀nà mẹ́jọ ló sì wà lórí rẹ̀, ó dà bí ojú irin tó tò síra wọn. Ìlù ń gba ọ̀nà tirẹ̀, gìtá mi ń gba tirẹ̀, olórin ń gba tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì í, òun nìkan ni yóò tún tirẹ̀ ṣe. O lè gbọ́ orin kan kó dà bíi pé a jókòó pọ̀ ṣe é, àṣé onílù ti lu tirẹ̀ lọ sílé kí olórin tó ti iṣẹ́ dé.

Dáfídì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Bàámi nínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí n gbé e wá. Ó dà á sórí téèpù ńlá, ó fi bíléèdì gé kábárà ìbẹ̀rẹ̀, ó fò lọ síbi tí wọ́n ti ń pè é pé ìrun sàn ju oorun lọ, ó gé ìyẹn náà, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó tún so orí téèpù kan mọ́ ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa yí po ara ẹsẹ̀ àga, débi pé ohùn Bàámi ń lọ, ó ń padà wá, bí ẹni tó ń pe èèyàn nínú kànga. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́. Ìlù á dún ẹ̀ẹ̀kan. Gìtá mi á wá wọlé.

Sàdíá, irun ara mi dìde! Òun ni wọ́n fi ṣí ojú kejì àwo. Sọ fún Bàámi pé ohùn wọn ti wọ inú àwo. Inú wọn á dùn.

Abẹ́rẹ́ ń bọ̀.

Lùkúmọ̀n


Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
8 Méè, 1977

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà yín sí Bàámi létí títí dé ibi tí ẹ ti sunkún tí ẹ sì kírun. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo ní ẹ kí wọn. Wọ́n ní, "Ìwé yẹn gùn ju bí o ṣe kà á lọ." Mo ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Mo parọ́ fún bàbá mi nítorí yín, ojú sì ń tì mí láti ìgbà náà.

Ìpè ìrun kì í ṣe orin. Ẹ̀yin lẹ dàgbà nínú ilé yìí ṣáájú mi, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni n ó sọ ọ́ fún yín. Ohùn yẹn ni àwọn èèyàn fi ń mọ àsìkò. Níbo ni wọn yóò ti máa gbọ́ àwo yín? Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń mutí ni?

Ẹ ní olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí téèpù, bí ẹnì kan bá ṣì í, tirẹ̀ nìkan ni wọn yóò tún ṣe. Ẹ sọ fún Dáfídì kí ó pa ọ̀nà Bàámi dé, kí ó fi tiyín sílẹ̀. Ẹ tètè sọ fún un.

Sàdíátù


Brixton, Lọ́ńdọ̀nù
19 Júùnù, 1977

Sàdíá,

O ti ń ru ẹrù tí kò lẹ́ni tó ni ín. Àwo ti jáde. Wọ́n ti fín in sí irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bíléèdì kankan ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Orúkọ Bàámi gan-an kò sí lára páálí rẹ̀, "Ohùn láti Áfíríkà" ni wọ́n kọ.

Àti pé, ta ni yóò gbọ́ ọ l'Ékòó? Jújú àti àpàlà ni gbogbo yín ń gbọ́. Ìwọ náà ò tíì gbọ́ ọ tí o ti ń dájọ́. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì ọ́ nítorí nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Mo fi abẹ́rẹ́ méjìlá sínú àpò ìwé yìí. Bá mi kí wọn.

Lùkúmọ̀n


Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
29 Ọ́gọ́ọ̀sì, 1977

Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n,

Mo kí yín. N kò mọ bí mo ṣe lè kí yín ju báyìí lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé ìjẹta, a wà nínú ààwẹ̀. Òjò ti ṣú láti ìgbà Alásárì, ojú ọjọ́ dúdú débi pé a tan iná. Gbogbo èèyàn ti gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú, omi wà nínú ife, dàbínù wà lọ́wọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bàámi ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní àsìkò ò tíì tó, kò sí ìdí tí àwọn fi máa sáré.

Ẹ rántí Jíbrílù tó ń ta àwo orin ní ọ̀kánkán mọ́sáláṣí. Ó ra àwo lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ní Àpápá lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbohùngbohùn rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń wà. Ó ní ojú kìíní ọ̀kan ti ha, ló bá yí i sí ojú kejì, ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ohùn Bàámi jáde.

Mo gbọ́ ìró ife káàkiri agbo ilé. Ìyá Àgbà Àdìjátù tó wà ní yàrá kejì sí wa, tí wọ́n ní láti ọmọge wọn wọn ò pa ààwẹ̀ kan jẹ rí, gbé omi mì. Bàámi dúró pẹ̀lú bútà lọ́wọ́. Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara wọn, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ni àwọn ń sọ̀rọ̀.

Ohùn náà ní ìrun sàn ju oorun lọ. Ẹnì kan kígbe níta pé, "Háà! Ládàánì mà ti ṣì í! Àsùbáà ló ń pè nírọ̀lẹ́!" Òmíràn dáhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ebi ló ń pa á." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ìlù yẹn dún ẹ̀ẹ̀kan. Gìtá yín wọlé. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá mi, bí a ṣe wà níbẹ̀, tí a ń wo ara wa, òjò náà ṣí kúrò. Oòrùn yọ. Ó tàn sórí páànù gbogbo ilé, ó tàn sójú àwọn èèyàn tí àkàrà wà lẹ́nu wọn. Ìyá Àgbà ki ìka bọ ọ̀fun kí wọ́n lè bì í jáde, ẹkún ni wọ́n ń sun. Màámi sáré dé ẹnu ọ̀nà Jíbrílù, wọ́n ní, "Ìwọ aláìníbẹ̀rù yìí, pa á!" Ó bọ́ síta pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Òun tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo fúnra rẹ̀ ti mu omi. Ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lòun wà, òun rò pé mọ́sáláṣí ni.

Àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé Bàámi lẹ́yìn báyìí. Wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá Rẹ́gẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹnu ta gìtá yín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìtúnu, àwọn àgbà fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Bàámi ní mọ́sáláṣí. Ó lè jẹ́ pé wọn yóò gba ìpè lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ̀wé sí Bàbá Lèmọ́mù. Ẹ sọ fún wọn pé Bàámi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò gba ìwé púpọ̀.

Sàdíátù


Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
25 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1977

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọdún tó kọjá. Mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Mààrínà títí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà yín ò dé, èyí tí ẹ máa kọ sí Lèmọ́mù náà ò dé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí yín, Bàámi bi mí pé, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní láti oṣù karùn-ún. Wọ́n ní, "Ìwé tó gùn yẹn." Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwa obìnrin wà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ládàánì, o ò sọ fún wa pé o ti di eléré." Lèmọ́mù pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n bi Bàámi pé ta ló gba ohùn wọn sínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá dìde lójú ẹsẹ̀ yẹn, tí mo ní èmi ni, ọ̀rọ̀ á fúyẹ́ lọ́rùn wọn. N kò dìde. Bàámi ní, "Ọmọ mi ni mo fún. Mo fi ọwọ́ ara mi fún un." Gbogbo wọn rò pé ẹ̀yin ni.

Lèmọ́mù ní ẹni tó ṣínu láìmọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, kí ó san ọjọ́ kan náà padà, ọ̀rọ̀ bùṣe, kí Ládàánì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ti fẹ́ ṣe fátíà nígbà tí Bàámi ní, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe ìrun lọ́la, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni? Àwo náà ṣì wà nígboro. Èèyàn yóò gbọ́ mi, yóò kọ́kọ́ dúró wò bóyá ìlù fẹ́ dún." Wọ́n ní kí wọ́n fi Ṣàíbù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe rọ́pò àwọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, torí pé ohùn Ṣàíbù dà bí ìkòkò tí wọ́n ń wọ́ lórí síméńtì. Bàámi ò rẹ́rìn-ín.

Àwo yín ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ lé ìgànná. Ẹ kọ̀wé.

Sàdíátù


Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
23 Òkìtóbà, 1977

Bọ̀ọ̀dá Lùkúmọ̀n,

Mo ti ń rò ó pé bóyá nǹkan ti ṣe yín. Àmọ́ ọmọ tí ẹ fi ẹ̀rọ rán ti padà wá, ó ní òun rí yín ní òpópónà, ara yín le.

Àdúgbò san ààwẹ̀ náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bàámi gbà á pẹ̀lú wọn. Màámi ní, "Kí lẹ ń san? Bútà ló wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ ò fi nǹkan kan kan ẹnu." Wọ́n ní, "Ohùn mi ló jẹ ẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà Àdìjátù, mo kúnlẹ̀, mo ní ọwọ́ mi ni mo fi gba ohùn náà sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Dìde jọ̀ọ́. Ta ló tún mọ ẹ̀rọ í lò nínú ilé yín, ṣé ìyá rẹ ni?" Wọn ò bú mi. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ, wọ́n sì jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fà mí lọ́wọ́ sókè.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo ilé gbé omi lọ́wọ́. Ṣàíbù wúkọ́ kó tó pe ìrun. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ mu omi o, èyí ò lè sí nínú àwo!" Ẹ̀rín sọ. Bàámi ò mu omi títí Ṣàíbù fi pè é tán. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, àwọn ló máa ń pe ẹlòmíràn sí oúnjẹ. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí wọn tí wọ́n dúró de ẹnu ẹlòmíràn.

Mo ti ka lẹ́tà oṣù Épírì yẹn sí wọn pátá, bíléèdì, ẹsẹ̀ àga, gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n ní kí n bi yín. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ bú yín mọ́ ọn. Wọ́n ní: "Nígbà tí wọ́n ń fi ohùn mi yí po lábẹ́ ilé yẹn, tí mò ń pe ìrun tí mò ń pe ìrun, ẹnì kankan dìde bí?"

Sàdíátù


Brixton, Lọ́ńdọ̀nù
20 Nòfẹ́ńbà, 1977

Sàdíátù,

Kà á fún wọn. Má fo nǹkan kan.

Bàámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dìde.

Àwọn yòókù kì í ṣe mùsùlùmí, n kò ní dá wọn lẹ́jọ́. Èmi nìkan ló mọ ohun tí ẹ ń sọ. Dáfídì da téèpù yẹn padà, ó tún fi síwájú, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ sì ń pè mí. Mo jókòó. Gìtá wà lórí itan mi, bíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dé ìgbà kan tí mo wo aago ara ògiri, mo rí i pé àsìkò Alásárì ni. Mọ́tò tí n ó wọ̀ relé ló jẹ́ kí n wo aago.

Lálẹ́ àkọ́kọ́ nínú yàrá mi, bàbá mi ni mo gbọ́. Láti ọjọ́ kejì, ìró ni mò ń gbọ́. Mo ní ohùn náà ga díẹ̀ ju gìtá mi lọ. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe Dáfídì. Èmi ni mo ní kí ó dẹ eré ẹ̀rọ náà, kí ohùn yín lè wálẹ̀ bá tèmi. Ó dẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ó ti dáa báyìí."

Mo kọ lẹ́tà sí Bàbá Lèmọ́mù nígbà mẹ́ta, mo fà á ya nígbà mẹ́ta. Tí mo bá kọ ọ́ pé ẹ ò mọ̀, wọ́n á béèrè ohun tí èmi mọ̀.

Ọmọ yín,
Lùkúmọ̀n


Ìsàlẹ̀ Gángan, Èkó
4 Dìsẹ́ńbà, 1977

Bọ̀ọ̀dá mi,

Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo kà á fún wọn látòkè délẹ̀ lọ́sàn-án òní. Fìlà ni wọ́n ń rán, ẹsẹ̀ wọn ò kúrò lórí ẹ̀rọ títí mo fi dé ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n dẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ti dúró.

Wọ́n ní, "Ṣé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíà wà lẹ́sẹ̀ òun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́?"

"Ọwọ́ wọn ni, Bàámi."

Màámi ní, "Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Ọmọ ti tú ara rẹ̀ síhòòhò."

Bàámi ní kí n tún un kà láti ibi Alásárì. Mo tún un kà. Bí mo ṣe ń kà á ni Ṣàíbù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Alásárì, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè kí n dúró. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ká aṣọ, wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn ò bojú wẹ̀yìn.

"Kọ ọ́ sí i pé mo gbọ́. Kò tíì tó ohun tí mo máa dárí jì í, kí ó má rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Alásárì ti tó lọ́dọ̀ tiwọn náà. Kí ó dìde."

Mo ń kọ èyí kí wọ́n tó ti mọ́sáláṣí dé, kí n má bàa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Sàdíátù